Àgádágodo Lórí Ọ̀rọ̀: Nípa Àwòṣe Ìwé Inú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tí ó bá ti gba ìwé-ẹ̀rí ìrìbọmi rí, tàbí tí ó ti kún fọ́ọ̀mù ní ilé-ìfowópamọ́, ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, bí kò bá tilẹ̀ mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀rọ̀ kan ti wà nílẹ̀ tí a ti tẹ̀ mọ́ ìwé náà. Àyè kan sì wà tí a fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ sí, tí ó ń dúró de ọwọ́ ẹni tí yóò kọ nǹkan sí i. Àlùfáà tí ó ń kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé-ẹ̀rí kò lè yí orúkọ ìjọ padà. Orúkọ ọmọ nìkan ni ó kàn án. Lórí ìwé pẹlẹbẹ, ààlà tí ó wà láàrin méjèèjì hàn kedere. Nínú kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé inú kọ̀ǹpútà dà bí amọ̀ tútù, ibi tí ọwọ́ bá kàn ni yóò tẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí apá kan le gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń mú un le, kí ó sì tún mọ apá tí ó yẹ kí ó le. Ìmọ̀ kejì yìí ni ó ṣòro jù.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí ní apá àríwá Èkìtì, ní agbègbè tí ó lọ láti Àsin àti Ìkọ̀lé títí dé Ọyẹ́ àti Ìdó. N kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Díẹ̀ tí mo mọ̀ nínú rẹ̀, àìní ni ó kọ́ mi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àjèjì ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ nínú ìṣe wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, nínú ìwé tí ó kọ lórí lítíréṣọ̀ Ifá ní ọdún 1976, pín ẹsẹ Ifá sí ìsọ̀rí mẹ́jọ. Orúkọ babaláwo tí ó dífá, orúkọ ẹni tí wọ́n dífá fún, àti ohun tí ó mú wọn dífá ni mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí wọ́n ti kọ́ babaláwo ní ìsọ̀rí wọ̀nyí náà ni yóò ṣe kì wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá dé àárín, níbi tí ìtàn wà, níbi tí a ti ń sọ bóyá ẹni tí wọ́n ní kí ó rúbọ rú u tàbí kò rú u, àti ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, babaláwo lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àwòṣe ni èyí, ó ní ibi tí a tì, ó sì ní ibi tí a ṣí sílẹ̀. Kò sí páásíwọ́ọ̀dù níbẹ̀. Ọdún gbọọrọ tí a fi kọ́ṣẹ́, àti etí àwọn àgbà babaláwo tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń gbọ́, ni àgádágodo rẹ̀.

Nígbà tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, orí sítẹ́ńsù ni a ti ń tẹ ìbéèrè ìdánwò. Ẹ̀rọ táìpù tí ó wà nígbà náà kò mọ ẹ, ọ àti ṣ, kí a má tilẹ̀ wá sọ àmì ohùn. Olùkọ́ Yorùbá ni yóò mú kálàmù onírin, yóò tẹ̀ ba mọ́lẹ̀, yóò máa fi ọwọ́ há àmì sí orí sítẹ́ńsù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ jù, sítẹ́ńsù ya. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ó ní ire kan nínú: nígbà tí olùkọ́ bá ti há àmì rẹ̀ tán, kò sí ẹni tí yóò tún fọwọ́ kan ìwé náà kí ó tó dé iwájú akẹ́kọ̀ọ́.

Kọ̀ǹpútà mú ìnira náà kúrò, ó sì mú ire yẹn lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún kan, olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ ìbéèrè kan fún àwọn ọmọ ìpele kejì. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe gbólóhùn: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, oko, òkò. (Ẹnìkeje wọn wà tí kò kọ, èmi náà kò sì ní í kọ ọ́ síbí.) Ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó fi gbogbo àmì sí i, ó sì gbé fáìlì náà lọ sí ìsọ̀ àwọn atẹ̀wé. Nígbà tí ìwé ìdánwò dé, ohun tí ó wà lórí rẹ̀ ni: oko, oko, oko, oko, oko, oko. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Àwọn tí ó gbóyà nínú wọn kọ gbólóhùn mẹ́fà nípa oko bàbá wọn, gbólóhùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì tọ̀nà. Máàkì wo ni a ó fún wọn?

Atẹ̀wé náà kò ní èrò ibi. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. À àti é ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ti wọn. Lẹ́tà kan àti àmì kan tí a gbé lé e lórí ni wọ́n. Bí irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò kò bá mọ bí a ṣe ń gbé ọ̀kan lé èkejì, àmì yóò yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo jáde níbi tí ọ̀rọ̀ yẹ kí ó wà. Atẹ̀wé rí àwọn àpótí òfìfo wọ̀nyí, ó rò pé ìdọ̀tí ni, ó sì bá wa gbá a kúrò.

Láti ìgbà náà ni a ti ń ti ìbéèrè kí ó tó jáde kúrò lọ́wọ́ olùkọ́. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí, fún ẹni tí ó bá ń lo Microsoft Word. Àtẹ irinṣẹ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Developer. Kì í sábà hàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i yóò lọ sí File, yóò bọ́ sí Options, yóò wá Customize Ribbon, yóò sì máàkì Developer. Níbẹ̀ ni àwọn àpótí wà tí a lè gbé sínú ìwé. Ọdún 2007 ni wọ́n dé inú Word: àpótí tí a ń kọ ọ̀rọ̀ sí, àpótí tí a ti ń mú déètì lórí kàlẹ́ńdà, àti àpótí tí ó ń ju àkójọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí a lè mú ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní Properties tirẹ̀, a sì rí ohun méjì níbẹ̀ tí a lè máàkì. Ọ̀kan ní kí ẹnikẹ́ni má lè pa àpótí náà rẹ́. Èkejì ní kí ẹnikẹ́ni má lè yí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀. Àpótí déètì ń fẹ́ ti àkọ́kọ́ nìkan, nítorí pé ẹni tí yóò kún un ń bọ̀. Àpótí ìbéèrè ń fẹ́ méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí ni a ó tẹ Restrict Editing, a ó ní kí ó jẹ́ kíkún fọ́ọ̀mù nìkan ni ó ṣeé ṣe nínú ìwé náà, a ó sì fi páásíwọ́ọ̀dù dè é. Láti ìgbà yẹn lọ, ohunkóhun tí kò bá sí nínú àpótí kò ní í gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, títí kan orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà lókè ojú ìwé. Bí a bá wá fi í pamọ́ gẹ́gẹ́ bí àwòṣe, tí ìparí orúkọ fáìlì jẹ́ .dotx, ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì yóò rí ìwé tuntun tí ó jọ ọ́, àwòṣe gan-an yóò sì wà níbi tí ó wà. Àwọn tí wọ́n ń lo LibreOffice lè pín ìwé sí sẹ́kíṣọ̀n, kí wọ́n sì dáàbò bo èyí tí wọ́n bá fẹ́; ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gba ẹ̀rọ náà, fún ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní owó, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò sọ ìwé náà di PDF kí ọ̀rọ̀ tán. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìdánwò tí gbogbo nǹkan ti pé sí ni, PDF dára. Ṣùgbọ́n àwọn ará ọ́fíìsì ṣì ní láti fi ọjọ́ ìdánwò sí i, kí wọ́n fi àkókò tí yóò gbà sí i, kí wọ́n sì kọ ẹ̀ka kíláàsì. Bí a bá ti gbogbo rẹ̀ pa, báírò ni wọn yóò fi kọ ìwọ̀nyí. Bí a bá sì ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a ti padà sí oko mẹ́fà nìyẹn.

Nǹkan méjì sí i ni kí olùkọ́ Yorùbá ṣe kí ó tó ti ìwé rẹ̀. Kí ó lọ sí ibi Save nínú Options, kí ó ní kí irú lẹ́tà tí òun lò máa bá fáìlì rìn, kí àpótí òfìfo má baà yọjú ní ibòmíràn. Èkejì ni ti AutoCorrect. Kọ̀ǹpútà gbà pé gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ayé ń kọ, nítorí náà bí ó bá rí i tí ó dá dúró, yóò sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá. A kọ “mo rí i”, ó di “mo rí I”. A kọ “ó gbà á” kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n “ó ti i” kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Arọ́pò-orúkọ tí a ń fi odidi ọ̀sẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ni ẹ̀rọ ń fi ìṣẹ́jú àáyá kan bà jẹ́. Ẹni tí ó bá ti ìwé pa kí ó tó yọ àṣìṣe yìí kúrò ti àṣìṣe náà mọ́ inú ilé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé àgádágodo yìí kò lágbára tó bí ojú ṣe ń rí i. Fáìlì Word òde òní, àpò tí a ká fáìlì kéékèèké sí ni. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń tú àpò náà lè yọ ìlà kan ṣoṣo tí ó sọ pé a ti ìwé náà, kí ó sì tún un dì. Kò nílò páásíwọ́ọ̀dù wa. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ìbéèrè ìdánwò tí a tì báyìí wà ní àbò lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ jí i wò. Kíkà ni gbogbo ènìyàn ń kà á. Ọ̀nà mìíràn ni a fi ń pa ìwé mọ́ kúrò lójú ayé: páásíwọ́ọ̀dù tí ń dènà àtiṣí fáìlì fúnra rẹ̀. Èyí tí à ń sọ wà fún olóòótọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣèèṣì kan ohun tí kò yẹ, irú atẹ̀wé wa yẹn, àwọn ni wọ́n sì pọ̀ jù láàrin wa.

Nígbà tí ọwọ́ wa mọ́ iṣẹ́ náà tán, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Ojúgbà mi kan fẹ́ kí a ṣe àwòṣe fún lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ̀ kí àwọn ọmọ lè máa fi kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ìdánrawò. Mo fara mọ́ ọn. Àdírẹ́sì méjì, déètì, ìkíni, àkọlé, ìkádìí: ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé nínú lẹ́tà kì í yí padà, ó sì yẹ kí a tì í. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí a kọ gbólóhùn ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí sí i pẹ̀lú, kí a tì wọ́n pa, kí ó lè jẹ́ pé àárín nìkan ni ọmọ yóò kọ. Ó ní àwọn ọmọ kì í mọ bí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni. Síbẹ̀ n kò gbà. Bí ọmọ kan ṣe ń wọlé ọ̀rọ̀ ni a fi ń mọ̀ bóyá ó mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ tí yóò kọ̀wé sí alága ìjọba ìbílẹ̀ nípa ọ̀nà tí ó bàjẹ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ bí èyí tí ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Bí a bá ti ọgbọ́n yẹn mọ́ inú àwòṣe, àwa olùkọ́ ni a ó máa yege ìdánwò, kì í ṣe àwọn ọmọ. A fi àpótí òfìfo síbẹ̀, a sì kọ ọ̀rọ̀ ìtọ́sọ́nà fẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀, irú èyí tí ń pòórá bí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀. Ojúgbà mi ṣì ń sọ títí di òní pé mo le jù.

Ohun tí ó wá yí èrò mi lórí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí padà ni oríkì orílẹ̀. A ní kí àwọn ọmọ ìpele kẹta àgbà lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ilé wọn, kí wọ́n gba oríkì sílẹ̀ sórí fóònù, kí wọ́n sì wá kọ ọ́ sínú àwòṣe tí a ṣe. Ohun tí a tì níbẹ̀ kò pọ̀: àkọlé, àyè orúkọ ìlú, àyè ọjọ́ tí a gba oríkì náà sílẹ̀. Àpótí ńlá kan ni ìyókù. Mo rò pé iṣẹ́ àgádágodo ti parí níbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan mú oríkì ìyá-ìyá rẹ̀ wá. Mo gbọ́ ohùn yèyé náà lórí fóònù, mo sì ka ohun tí ọmọ kọ. Níbi tí yèyé ti pe “ulé”, ọmọ kọ “ilé”. Níbi tí ó ti pe “uṣu”, ọmọ kọ “iṣu”. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní àwa ni a kọ́ òun pé fáwẹ̀lì u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú èdè Yorùbá.

Òfin tí a kọ́ ọ tọ̀nà fún Yorùbá àjùmọ̀lò. Ṣùgbọ́n ní àárín Èkìtì ni a jókòó sí tí à ń kọ́ ọ, níbi tí Ùsì wà nítòsí Ìdó, tí ojú pátákó ọ̀nà sì ń fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀ ta ko òfin náà lójoojúmọ́. Yorùbá àjùmọ̀lò wúlò, n kò ní í sọ ohun mìíràn. Òun ni ó jẹ́ kí ọmọ Ìkọ̀lé àti ọmọ Ìbàdàn lè ka ìwé kan náà. Òun gan-an pàápàá kì í ṣe ohun tí a tì pa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìpàdé tí ìjọ CMS ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 fìdí ìlànà ìkọ̀wé kan múlẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1974, ìjọba fọwọ́ sí òmíràn, “aiye” di ayé, “enia” di ènìyàn, “nwọn” di wọ́n. Àwọn tí wọ́n ṣí i, tí wọ́n sì tún un tì, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Oríkì yèyé kò sí lára ohun tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tún ṣe.

A yí àwòṣe padà. Nísinsìnyí, ọmọ yóò kọ oríkì bí ó ti gbọ́ ọ gan-an, yóò padà lọ kà á sétí ẹni tí ó kì í, àgbà náà yóò sì tọ́ka sí ibi tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí àgbà bá ti ní ó dára, olùkọ́ yóò tú ìwé náà, yóò máàkì méjèèjì nínú Properties àpótí ńlá náà, yóò sì tún ìwé náà tì. Láti ọjọ́ yẹn, “ulé” kò lè di “ilé” mọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, lọ́wọ́ atẹ̀wé, tàbí lọ́wọ́ èmi olùkọ́. Àpótí kejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ó ṣí sílẹ̀, níbi tí ẹni tí ó bá fẹ́ ti lè kọ ìtumọ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò, kí ó ṣe àlàyé, kí ó sì jiyàn. Ẹ ó ṣe àkíyèsí pé a ti yí ipò padà: àlàyé àwa olùkọ́ ni ó wà ní ibi tí a lè pa rẹ́.

Ti páásíwọ́ọ̀dù kù. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tí mo mọ̀, tí ẹni tí ó ṣe àwòṣe ìwé ìdánwò wọn gba ìwé ìgbéniyípo lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, tí páásíwọ́ọ̀dù sì bá a lọ. Odidi ọdún méjì ni wọ́n fi ń fi báírò fagi lé ọdún ẹ̀kọ́ tí ó ti kọjá lórí ìwé, kí wọ́n tó tẹ òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Tiwa wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, nínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa, lọ́wọ́ ọ̀gá.

Ní sáà tí ó kọjá, yèyé kan ránṣẹ́ sí wa nípasẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó ní òun ti rántí ìlà mẹ́ta tí òun gbàgbé, àti pé orúkọ kan tí òun dá, ẹlòmíràn ni ó ni ín. Àwọn olùkọ́ kan ní kí a ṣí àpótí rẹ̀, kí a tún un ṣe. Àwọn kan ní ohun tí ó kọ́kọ́ sọ kò gbọdọ̀ pòórá. A tú ìwé náà, a gbé àpótí tuntun sí abẹ́ ti àkọ́kọ́, a fi déètì tuntun sí i, ọmọ náà sì gbé fóònù rẹ̀, ó padà sílé lọ gbà á sílẹ̀.